Ṣé Ẹni Tó Gbàgbé Ti Jẹ̀bi? Ọ̀rọ̀ Àpò Ọjà àti Láílọ́ọ̀nù

 

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá bá mi nílé ní Sùúrùlérè lọ́sẹ̀ tó kọjá lọ́hùn-ún. Akẹ́kọ̀ọ́ ni, Yábàá ló ti wá. Ó ní ẹgbẹ́ àwọn fẹ́ ṣe ìpàdé lórí òfin láílọ́ọ̀nù, wọ́n sì ní kí n bá àwọn wá ẹsẹ Ifá kan tó sọ pé kí èèyàn má lo láílọ́ọ̀nù, kó máa gbé àpò tirẹ̀ lọ sọ́jà. Ó ní, "Bàbá, ó dá mi lójú pé ó máa wà níbẹ̀. Odù igba ó lé mẹ́rìndínlọ́gọ́ta nìyẹn. Kò lè má sí."

Mo ní kó jókòó. Mo ní, "Ọmọ mi, kò sí."

Ifá tí wọ́n kọ́ mi ò mọ láílọ́ọ̀nù. Ọdún 1965 ni ẹlẹ́rọ ará Sweden kan tó ń jẹ́ Sten Gustaf Thulin, tó ń ṣiṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ Celloplast, gba ìwé àṣẹ ní Amẹ́ríkà lórí irú àpò láílọ́ọ̀nù olọ́wọ́ méjì tí gbogbo ayé ń gbé kiri lónìí. Báwo wá ni àwọn awo ayé àtijọ́ ṣe fẹ́ dá Ifá fún un? Bí ẹnikẹ́ni bá ka ẹsẹ kan fún yín tó dárúkọ láílọ́ọ̀nù, ẹnu ẹni náà ni ẹsẹ ọ̀hún ti wá.

Kì í ṣe pé n ò lè ṣe é o. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Tí mo bá fẹ́, kò ní gbà mí ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Màá to orúkọ awo mẹ́ta síbẹ̀rẹ̀, màá ní wọ́n dá Ifá fún ẹnì kan tó ń lọ sọ́jà láìmú àpò lọ́wọ́, màá ní wọ́n ní kó rúbọ, kò rú, omi wá gbé ọjà rẹ̀ lọ. Á dùn létí. Wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún mi ní Yábàá. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, ẹlòmíràn á kọ ọ́ sínú ìwé pé bí Ifá ṣe wí nìyẹn. Ìmọ̀ ìtàn ni mo kà ní yunifásítì, mo sì mọ bí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń di àgbà láàárín wa. Ẹni tó bá dá ẹsẹ sílẹ̀ nítorí ohun tó dára ti ṣílẹ̀kùn fún ẹni tó máa dá a sílẹ̀ láti gba ilẹ̀ ọmọ òrukàn. Èmi ò ní ṣe é.

Ọmọ náà dákẹ́ díẹ̀. Ó wá ní, "Ṣé Ifá ò wá ní nǹkan kan sọ sí i nìyẹn?"

N ò tíì dá a lóhùn nígbà tí mo dìde láti sìn ín jáde. Bá a ṣe dé oríta, mo rántí pé ìyàwó mi ní kí n ra ata, tòmátò àti àlùbọ́sà bọ̀. Ìyá aláta dì í fún mi. Ata rodo nínú láílọ́ọ̀nù kan, tàtàṣé nínú òmíràn, tòmátò nínú ẹ̀kẹta, àlùbọ́sà nínú ẹ̀kẹrin, ó wá kó gbogbo wọn sínú dúdú ńlá kan. Láílọ́ọ̀nù márùn-ún fún ọbẹ̀ ìkòkò kan. Àpò ọjà mi wà nílé, ó rọ̀ sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Mo ní, "Háà, mo mà gbàgbé àpò mi."

Ọmọ náà ò bá mi wí, ó mọ̀wọ̀n ara rẹ̀. Àmọ́ mo rí ibi tí ojú rẹ̀ wà. Àpò Ifá mi tí mo gbé kọ́ èjìká ló ń wò. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní, "Èyí ẹ ò gbàgbé ẹ̀, Bàbá."

Ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ kí n sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó ti lé lọ́dún mẹ́tàdínlógún tí mo ti ń gbé àpò ọ̀pẹ̀lẹ̀ jáde. N ò gbàgbé rẹ̀ rí. Mo ti gbàgbé fóònù, mo ti gbàgbé owó ọkọ̀, ìgbà kan wà tí mo gbàgbé ọmọ sílé ẹ̀kọ́ títí di aago márùn-ún, ẹni tó bí ọmọ náà ò tíì dárí jì mí tán. Ṣùgbọ́n àpò Ifá, rárá. Ṣé orí tí mo fi ń rántí àpò kan kọ́ ni mo fi ń gbàgbé èkejì?

Ohun tí mo wá ń bi ara mi ni pé: ṣé ẹni tó gbàgbé ti jẹ̀bi?

Lédè wa, "mo gbàgbé" ti tó ẹ̀bẹ̀. Tẹ́nì kan bá ní kó o bá òun ra nǹkan bọ̀, tó o sọ pé o gbàgbé, ẹ̀yin méjèèjì á rẹ́rìn-ín, ó tán. Ṣùgbọ́n ẹ fojú inú wò ó kí n dé ilé oníbàárà kan ní Múṣin, ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn, kí n jókòó tán kí n ní mo gbàgbé ọ̀pẹ̀lẹ̀ sílé. Kò ní bínú pé iyè mi ò jí pépé. Yóò bínú pé n ò ka òun sí. Òun náà á sì jàre. Kò séèyàn tó máa ń ní òun gbàgbé èèwọ̀ ilé òun, òun sì jẹ ẹ́. Àwọn tí kì í jẹ òkété nínú yín, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ti ṣèèṣì jẹ ẹ́? Láti kékeré ni wọ́n ti sọ ọ́ fún yín, ìyá yín gba á lọ́wọ́ yín lẹ́ẹ̀kan, ó ti wọ ara.

Àmọ́ kí n má tíì sáré dá ẹjọ́. Nínú ohun tí àwọn àgbà fi kọ́ wa, gbogbo wa pátá la wá sáyé gẹ́gẹ́ bí ẹni tó gbàgbé. A kúnlẹ̀ lọ́run, a yan orí, a dé ayé tán, a ò rántí ohun tá a yàn mọ́. N ò tíì rí awo tó sọ fún mi pé wọ́n ń fìyà jẹ èèyàn nítorí ìgbàgbé yẹn. Kàkà bẹ́ẹ̀, wọ́n ṣètò sí i. Wọ́n bí ọmọ, wọ́n gbé e lọ sídìí Ifá kí wọ́n ṣe ìkọsẹ̀dáyé rẹ̀, bàbá àti ìyá bá a gbọ́, wọ́n bá a tọ́jú ọ̀rọ̀ náà títí yóò fi gbọ́n. Ìdí nìyẹn tá a fi ń pe Ọ̀rúnmìlà ní Ẹlẹ́rìí Ìpín. Ó wà níbẹ̀, ó rí i, òun ló ń bá wa rántí. Ẹ wò ó, wọn ò gbé ìrántí náà sórí ọmọ tuntun nìkan. Ìta orí rẹ̀ ni wọ́n fi sí, lọ́dọ̀ ẹlòmíràn àti lójú ọpọ́n.

Ìgbà tí wọ́n bá sọ fún ọ tán ni ọ̀rọ̀ yí padà. Bí Ifá bá ti sọ èèwọ̀ rẹ fún ọ, tó o gbọ́, tó o sì rú u, "mo gbàgbé" ò ṣeé sọ fún babaláwo mọ́. Á bi ọ́ pé kí lo ṣe tó ò fi ní gbàgbé.

Wọ́n ti sọ fún àwa ará Èkó o. Ní oṣù Kìíní ọdún 2024 ni kọmíṣọ́nnà fún ọ̀rọ̀ àyíká, Tokunbo Wahab, kéde pé ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti fòfin de àwọn ike funfun tí wọ́n fi ń di oúnjẹ. Nígbà tó di ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 2025, òfin kan àwọn ohun mìíràn tá a ń lò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: ife ike, ìfamu ike, ṣíbí ike, àti láílọ́ọ̀nù tó fẹ́lẹ́, èyí tí kò nípọn tó ogójì máíkírọ́ọ̀nù. Ó sì ti ju ọdún kan lọ tí wọ́n fi ń kìlọ̀ kó tó di pé ó bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé òun ò gbọ́. Àwa tá a wà ní Sùúrùlérè àti Múṣin ò tiẹ̀ nílò ìkéde. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí òjò bá rọ̀ dáadáa, ẹ lọ síbi gọ́tà, ẹ wo ohun tó dí i.

Kì í ṣe Èkó nìkan. Ní Bangladesh, wọ́n rí i pé láílọ́ọ̀nù wà lára ohun tó dí ojú ọ̀nà omi nígbà ìkún omi ńlá ọdún 1988 àti ti 1998, wọ́n sì fòfin dè é lọ́dún 2002. Rwanda ṣe tiwọn lọ́dún 2008, Kenya lọ́dún 2017, tiwọn sì ní ẹ̀wọ̀n nínú.

Mo ní ìyá kan. Ó ju ọgbọ̀n ọdún lọ tó fi ta ata ní ọjà Òjúwòyè. Nísinsìnyí iyè rẹ̀ ń lọ díẹ̀díẹ̀. Orúkọ àbúrò rẹ̀ tó ti kú ló máa ń pè mí, mo sì ti ń dáhùn. Ó lè bi ọ́ ní ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́fà kí oúnjẹ tó jiná. Ṣùgbọ́n bó bá ti gbọ́ pé ẹnì kan ń jáde, ó máa dìde, ó máa lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó máa mú àpò rẹ̀ lórí ìṣó. Àpò Ghana Must Go kékeré ni, aláwọ̀ búlúù àti pupa, ọwọ́ rẹ̀ ti já, ó ti fi okùn rán an. Kò mọ ibi tó ń lọ. Kò mọ ohun tó fẹ́ rà. Ṣùgbọ́n kò jáde rí láìmú un dání.

(Àpò yẹn náà ní ìtàn tirẹ̀. Lọ́dún 1969 ni ìjọba Busia ní Ghana lé àwọn àjèjì, ọ̀pọ̀ Yorùbá oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀fà sì wà lára àwọn tó fi ẹrù sílẹ̀ sá bọ̀ wálé. Lọ́dún 1983, àwa náà lé àwọn ará Ghana. Irú àpò yìí ni wọ́n kó ẹrù sí, orúkọ burúkú náà sì lẹ̀ mọ́ ọn. Lónìí, kò séèyàn tó ń ronú nípa ẹni tí wọ́n lé bó bá ń gbé e lọ sọ́jà.)

Mo máa ń wò ó tó bá di àpò yẹn mú, mo sì máa ń ronú pé ibo gan-an ni ìrántí rẹ̀ wà? Kò sí lórí mọ́. Ọwọ́ ló wà, ara ìṣó ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló wà. Bá a ṣe ń kọ́ Ifá náà kò yàtọ̀ púpọ̀ sí i. Àwọn èèyàn rò pé babaláwo kàn ní iyè tó mú ju ti ẹlòmíràn lọ ni. Irọ́ ni. Ojúgbọ̀nà mi fún mi ní ìsọ̀yè jẹ, mo jẹ ẹ́, àmọ́ òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi pé ẹni tó jẹ ìsọ̀yè tí kò jí láàárọ̀, oúnjẹ lásán ló jẹ. Orí ẹní kan náà, wákàtí kan náà, pẹ̀lú àwọn èèyàn kan náà la ti ń kà á. Tó o bá ṣì í, ẹni tó jókòó tì ọ́ á gbé e lẹ́nu rẹ. Tó o bá tẹ odù sínú ìyẹ̀rosùn, ojú rẹ á rí i, ẹnu á tẹ̀ lé ojú. Ìrántí tá a fi ń yangàn, ètò ni.

Nígbà tí ìyá mi ń tajà, kò sí oníbàárà tó ń bi í léèrè láílọ́ọ̀nù. Apẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ń gbé wá, tàbí igbá. Ewé ni wọ́n fi ń di ẹran àti irú. Ẹni tó fẹ́ ra epo pupa á mú ìgò rẹ̀ dání. Ṣé orí àwọn ìyá wa pé ju tiwa lọ ni? Èmi ò rò bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n bi yín: ìgbà wo lẹ ti lọ ra gáàsì tẹ́ ẹ dé ibẹ̀ tẹ́ ẹ ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mo gbàgbé sílíńdà sílé"? Ẹni tó fẹ́ ra kẹrosíìnì, ṣé ó ń gbàgbé kẹ́ẹ̀gì? Kò sẹ́ni tó ń gbàgbé rẹ̀, nítorí onígáàsì ò ní fún ẹ ní sílíńdà ọ̀fẹ́. Láílọ́ọ̀nù tí wọ́n ń fún wa lọ́fẹ̀ẹ́ ló kọ́ wa ní ìgbàgbé. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń gbé ní Peckham sọ fún mi pé ẹnu ya òun sí ara òun. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń gba pẹ́nì márùn-ún lórí láílọ́ọ̀nù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 2015, ó ní òun ò jáde láìní àpò nínú báàgì òun mọ́. Wọ́n sọ ọ́ di mẹ́wàá lọ́dún 2021. Ẹni tó ná ọ̀pọ̀ owó sórí aṣọ òde ìyàwó, pẹ́nì márùn-ún ló jí iyè rẹ̀.

Ohun tó tún yà mí lẹ́nu nípa Thulin yẹn ni èyí. Ọmọ rẹ̀ sọ fún BBC pé bàbá òun máa ń ká láílọ́ọ̀nù kan sínú àpò aṣọ rẹ̀ láti tún un lò. Ó dá a sílẹ̀ kí wọ́n má baà máa gé igi fún àpò oníwèé, kò sì sí lọ́kàn rẹ̀ pé èèyàn á lò ó lẹ́ẹ̀kan kó sọ ọ́ nù. Ẹni tó ṣe é mọ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Àwa tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ni ò bi í.

Ẹ má sọ pé ẹ ò ní àpò o. Ilé Yorùbá wo ní Èkó ni kò ní àpò òde? Mo ka tiwa: mọ́kàndínlógún. Ìsìnkú Màmá tibí, àádọ́rin ọdún Alhaja tọ̀hún, ìgbéyàwó tí ọkọ àti ìyàwó ti pínyà báyìí. Ẹ̀bùn ìrántí ni wọ́n pè é, wọ́n ya àwòrán olóògbé sí i lára, wọ́n kọ ọ́ pé a ò ní gbàgbé yín láéláé, a sì kó o sínú kọ́bọ́ọ̀dù, a gbàgbé rẹ̀. Tó bá jẹ́ òwú ni, ọ̀rọ̀ tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣírò rẹ̀ lọ́dún 2011: o ní láti lo àpò olówùú ní ìgbà mọ́kànléláàádóje kí ìpalára rẹ̀ fún ojú ọjọ́ tó rẹlẹ̀ ju ti láílọ́ọ̀nù kan tí o lò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àpò mọ́kàndínlógún tí kò jáde nílé kò gba ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ní Ojúẹlẹ́gba, ojúbọ Ẹlẹ́gba ni wọ́n fi sọ ibẹ̀ lórúkọ, àìmọye èèyàn ló sì ń pe orúkọ náà fún oníkọ́dọ́kítọ̀ lójoojúmọ́ tí wọn ò ronú kan Ẹlẹ́gba rí. Ká kọ nǹkan sílẹ̀ yàtọ̀ sí ká rántí rẹ̀.

Mo mọ ohun tí ẹlòmíràn máa sọ. "Bàbá Ifá, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe láílọ́ọ̀nù ńkọ́? Àwọn oní-píọ̀-wọ́tà ńkọ́? Ṣé àpò mi kan ló máa la gọ́tà Múṣin?" Ìbéèrè tó dáa ni, n ò sì ní fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ẹ̀bi tiwọn tóbi ju tiwa lọ, ó sì yẹ kí ìjọba tó lè dá alátẹ dúró lè kan ilẹ̀kùn ilé-iṣẹ́ ńlá. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo lọ bá ìyá aláta sọ̀rọ̀, ó sọ nǹkan kan fún mi tí mi ò tíì rò rí.

Mo ní, "Ìyá, kí ló dé tẹ́ ẹ ò kúkú fi láílọ́ọ̀nù yìí sílẹ̀?"

Ó ní, "Bàbá Ifá, ẹ̀yin lẹ ò fi í sílẹ̀. Tí n ò bá fún yín, ẹ ó kọjá sọ́dọ̀ ẹnì kejì mi. Tí mo bá ra èyí tó nípọn, owó rẹ̀ ga, ara èrè mi ni mo ti ń yọ ọ́. Tí mo bá ra èyí tó fẹ́lẹ́, ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má lọ kó o. Ẹ̀yin á ní ẹ gbàgbé, èmi ni mo máa sanwó ẹ̀."

Ó ń bu ata sínú agolo bó ṣe ń sọ ọ́, kò tiẹ̀ wo ojú mi.

Mo ti ń rò ó bí ẹni pé èmi àti gọ́tà la jọ ni ọ̀rọ̀ yìí, tàbí èmi àti òkun. Èmi àti obìnrin yìí ni. Àpò tí n kò gbé, òun ló ń bá mi gbé e, láti inú èrè ata, ìlé rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀ àdúgbò níbi tí omi ń ṣàn sí. Torí náà, ẹ̀bi gọ́tà Múṣin lè má jẹ́ tèmi tán, ṣùgbọ́n gbèsè ìyá aláta, tèmi ni. Ìgbàgbé ìyá mi kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, àìsàn ni, a sì ń tọ́jú rẹ̀. Tèmi yàtọ̀. Ara mi le, wọ́n ti sọ fún mi, ìṣó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Mo pe ọmọ Yábàá náà lórí fóònù. Mo ní n ò ní ẹsẹ fún un, ṣùgbọ́n màá wá síbi ìpàdé wọn, màá sọ ọ̀rọ̀ sílíńdà gáàsì fún wọn, màá sọ ti àkúnlẹ̀yàn, màá sì jẹ́wọ́ láílọ́ọ̀nù márùn-ún. Ó ní ìyẹn náà dáa. Mo rò pé ẹsẹ ló ṣì wù ú jù.

Nílé, mo lọ gbé àpò ọjà kọ́ orí ìṣó tí àpò Ifá wà. Ìyàwó mi rí i. Ó ní, "Dádì wọn, ṣé ata rodo ló máa bá Ifá gbé orí ìṣó kan?" Mo kan òmíràn sísàlẹ̀ rẹ̀. Tí ọwọ́ bá ti gbé ti òkè, á kan ti ìsàlẹ̀.

Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, mo tún gbàgbé. Mo ti dé iwájú àtẹ kí n tó mọ̀. Ìyá aláta ti na ọwọ́ sí láílọ́ọ̀nù, mo ní kó dúró, mo padà sílé lọ mú àpò. Ó rẹ́rìn-ín tẹ̀ lé mi títí mo fi yà ní kọ̀rọ̀. Nígbà tí mo padà dé, tàtàṣé tó dáa ti tán, èyí tó ti rọ̀ díẹ̀ ló kù, mo rà á bẹ́ẹ̀.

Àbọrú bọyè o.